Orí Kẹfà: Fífi Àkọsílẹ̀ Inú Àkójọ Dátà Hàn Nínú Àtẹ Orí Ìkànnì

Èròńgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) ṣàlàyé ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà kúrò lọ́dọ̀ aṣàwákiri dé inú àkójọ dátà, àti bí èsì ṣe ń padà;
(b) ṣẹ̀dá àtẹ MySQL tó lè gba ọ̀rọ̀ Yorùbá tàmì-tohùn;
(d) kọ kóòdù PHP tó ń gbé àkọsílẹ̀ sínú àtẹ HTML;
(e) sọ ìdí tí a fi ń fi àṣàyàn àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ sílẹ̀ fún àkójọ dátà;
(ẹ) dáàbò bo ojú ìwé náà lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn tẹ̀ wọlé.

6.1 Ibi kan ṣoṣo ni ká tọ́jú rẹ̀ sí

Ká ní ilé ìkàwé kan fẹ́ fi àwọn ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tó ní hàn lórí ìkànnì rẹ̀: àkọlé, òǹkọ̀wé, àti ọdún tí ìwé kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ jáde. *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti D. O. Fágúnwà, 1938, ni yóò ṣíwájú. *Igbó Olódùmarè* tirẹ̀ náà yóò tẹ̀ lé e, 1949. Lẹ́yìn náà *Aiyé D'aiyé Òyìnbó* ti Isaac Délànọ̀, 1955. *Àjà Ló Lẹrù* ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, 1969. Àti *Ó Le Kú* ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974. Ọ̀nà méjì ló wà láti gbé wọn sójú ìwé. A lè fi ọwọ́ tẹ gbogbo wọn sínú fáìlì HTML ní ìlà kọ̀ọ̀kan. A sì lè kó wọn sínú àkójọ dátà, kí a wá kọ kóòdù kékeré kan tí yóò máa lọ kó wọn wá nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá ṣí ojú ìwé náà. Ohun tí orí yìí dúró lé ni pé ọ̀nà kejì ló yẹ fún ohunkóhun tó bá ń yí padà, àti pé kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa àyàfi tí a bá pín iṣẹ́ bó ṣe yẹ: kí àkójọ dátà ṣàṣàyàn, kí kóòdù gbé e wá, kí HTML sì fi hàn.

Àkójọ dátà ni ibi tí a ń tọ́jú ìsọfúnni sí létòlétò lórí kọ̀ǹpútà kí ó lè rọrùn láti wá a rí, láti tún un ṣe àti láti fi kún un. Inú àtẹ ni a ń kó o sí. Àtẹ ní òpó, tó ń sọ irú ìsọfúnni tó wà níbẹ̀, bí àkọlé tàbí ọdún; ó sì ní àkọsílẹ̀, tí í ṣe ìlà kan tó dúró fún ohun kan pàtó, ìyẹn ìwé kan nínú àpẹẹrẹ tiwa. Edgar Codd tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ló gbé ètò yìí kalẹ̀ ní 1970. Ohun tó ń jà fún ni pé kò yẹ kí ẹni tó ń lo dátà máa da ara rẹ̀ láàmú nípa bí ẹ̀rọ ṣe tò ó sí inú ara rẹ̀. Kí ó ṣáà sọ ohun tó ń wá. Èdè tí a fi ń sọ ohun tí à ń wá yìí ni SQL, gbólóhùn tí a bá sì fi SQL kọ ránṣẹ́ sí àkójọ dátà ni à ń pè ní ìbéèrè.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwé márùn-ún péré kò tó ohun tí à ń kọ kóòdù fún. Òótọ́ ni fún ohun tí kì í yí padà: kò sẹ́ni tó nílò àkójọ dátà kó tó kọ orúkọ ọjọ́ méje inú ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé ń ra ìwé. Orúkọ Fágúnwà sì lè wà lójú ìwé àwọn òǹkọ̀wé, lójú ìwé ìtàn àròsọ àti lójú ìwé àwọn tó yá ìwé lọ. Bí a bá ṣì í kọ ní ọ̀kan, ọwọ́ ènìyàn ni yóò wá a kiri ní gbogbo ibi yòókù, ọwọ́ ènìyàn a sì máa fo nǹkan. Bí ó bá jẹ́ pé inú àtẹ kan ṣoṣo ló wà, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan tó fún gbogbo ojú ìwé. Iye ìwé kọ́ ló ń pinnu ọ̀nà tí a ó gbà. Bí wọ́n ṣe ń yí padà tó ni.

6.2 Ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń dúró de ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù mìíràn, tó sì ń fún wọn lésì. Aṣàwákiri ni ètò tí à ń fi wo ìkànnì, bí Chrome tàbí Firefox. Kóòdù ìhà sáfà ni kóòdù tó ń parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí sáfà kí ohunkóhun tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wo ojú ìwé. PHP, èdè tí a ó lò níhìn-ín, jẹ́ ọ̀kan lára èdè tí a fi ń kọ ọ́. Rasmus Lerdorf bẹ̀rẹ̀ sí í kọ PHP ní 1994, ó sì gbé e jáde fáráyé ní 1995. Ọdún 1995 yẹn náà ni MySQL bẹ̀rẹ̀ ní Sweden. Àwọn méjèèjì ti bára wọn rìn pẹ́. Bí àpẹẹrẹ, MediaWiki ni Wikipedia èdè Yorùbá ń lò. PHP ni wọ́n fi kọ ọ́, MariaDB tó yà lára MySQL ní 2009 ló sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ẹnìkan bá tẹ àdírẹ́sì ojú ìwé wa, aṣàwákiri rẹ̀ á ránṣẹ́ sí sáfà. Sáfà á rí i pé fáìlì PHP ni wọ́n ń béèrè, á sì fa iṣẹ́ lé PHP lọ́wọ́. PHP á ṣí ìsopọ̀ sí MySQL pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, á fi ìbéèrè SQL ránṣẹ́, á gba àkọsílẹ̀ padà, á sì fi táàgì HTML wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. HTML tó ti parí nìkan ni sáfà ń fi ránṣẹ́ sí aṣàwákiri. Bí òǹwòran bá ní kí aṣàwákiri fi orísun ojú ìwé náà han òun, àwọn táàgì bíi `<table>` àti `<td>` ni yóò rí. Kò ní rí ìbéèrè SQL, kò sì ní rí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, nítorí wọn kò kúrò lórí sáfà rí.

Àtakò tó lágbára jù sí ọ̀nà yìí ni pé JavaScript lè kọ́ àtẹ náà nínú aṣàwákiri fúnra rẹ̀, tí kò fi ní sí pé à ń tún gbogbo ojú ìwé gbé wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe é, ó sì wúlò níbi tí òǹwòran ti ń tún àtẹ náà tò léraléra. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. JavaScript inú aṣàwákiri kò gbọdọ̀ mọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé MySQL, torí pé ohun tó bá ti wà lọ́wọ́ aṣàwákiri ti wà lọ́wọ́ òǹwòran. Ó ní láti béèrè lọ́wọ́ kóòdù kan lórí sáfà, kóòdù yẹn ni yóò sì bá MySQL sọ̀rọ̀. Ìhà sáfà kò tíì kúrò nínú iṣẹ́. Ìrísí èsì tó ń dá padà ló yàtọ̀. Fún àtẹ tí a kàn fẹ́ kà, HTML tó ti parí láti ọ̀dọ̀ sáfà ń fara hàn kódà lórí fóònù tí agbára rẹ̀ kéré, láìdúró de kóòdù mìíràn.

6.3 Àtẹ tó gba èdè Yorùbá

Àtẹ MySQL tí a ó lò nìyí:

```sql
CREATE TABLE iwe (
  id INT AUTO_INCREMENT PRIMARY KEY,
  akole VARCHAR(150) NOT NULL,
  onkowe VARCHAR(100) NOT NULL,
  odun SMALLINT NOT NULL
) CHARACTER SET utf8mb4;
```

Òpó `id` ni kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́, nọ́ńbà tí àkọsílẹ̀ méjì kì í jọ ní. MySQL ní irú òpó kan tó ń jẹ́ `YEAR`, ó sì lè dà bí ẹni pé òun ló yẹ kí a lò fún `odun`. Ṣùgbọ́n 1901 sí 2155 ni `YEAR` mọ. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 kò ní lè wọ inú rẹ̀, ilé ìkàwé Yorùbá wo ni yóò sì fi ìwé yẹn sílẹ̀? Ìdí nìyí tí a fi lo `SMALLINT`.

Ọ̀rọ̀ `utf8mb4` ni ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ètò àmì ni òfin tó ń sọ báìtì tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò di nígbà tí a bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Títí di ẹ̀dà 5.7, `latin1` ni MySQL ń lò bí a kò bá yan òmíràn, `latin1` kò sì ní ẹ, ọ tàbí ṣ rárá. Ẹ̀dà 8.0 tó jáde ní 2018 ló sọ `utf8mb4` di àkọ́yàn. Nínú UTF-8, ẹ, ọ àti ṣ ń gba báìtì mẹ́ta-mẹ́ta. Àmì ohùn orí ẹ́ àti ọ́ kò sí lára lẹ́tà náà. Àmì ọ̀tọ̀ ni, báìtì méjì ló sì ń gbà. Ẹ mú *Rẹ́rẹ́ Rún*, ìwé eré Òkédìjí tó jáde ní 1973. Ojú rí lẹ́tà méje àti àlàfo kan, àpapọ̀ mẹ́jọ. `CHAR_LENGTH` MySQL yóò sọ pé 10 ni. `LENGTH`, tó ń ka báìtì, yóò sọ pé 17. `VARCHAR(150)` ń ka bíi ti `CHAR_LENGTH`, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gba àkọlé Yorùbá gbọdọ̀ fi àyè sílẹ̀ ju iye tí ojú rẹ̀ kà lọ.

Kò tó kí àtẹ nìkan jẹ́ `utf8mb4`. Ìsopọ̀ PHP sí MySQL gbọdọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ìwé HTML náà sì gbọdọ̀ kéde UTF-8. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, báìtì mẹ́ta ẹ lè jáde lójú ìwé bí `áº¹`. Òǹwòran á rò pé àkójọ dátà ló bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé báìtì tó tọ́ ni ẹnìkan kà pẹ̀lú òfin tí kò tọ́.

Ohun kan wà tí àwọn kan ń rí bí àléébù: ìlànà ìfiwéra tí MySQL 8.0 ń lò bí a kò bá yan òmíràn, `utf8mb4_0900_ai_ci`, kì í ka àmì sí. Lójú rẹ̀, `Rere Run` àti `Rẹ́rẹ́ Rún` dọ́gba. Fún ìwákiri nínú ilé ìkàwé, àǹfààní ni èyí jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní àmì ohùn lórí fóònù wọn, kò sì yẹ kí ìyẹn dí wọn lọ́wọ́ láti rí ìwé. Fún ìwé atúmọ̀ èdè, àjálù ni: ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò di ọ̀kan náà. Níbẹ̀, `utf8mb4_0900_as_cs` ló yẹ. Ohun tí a fẹ́ lo àtẹ náà fún ló ń pinnu.

6.4 Kóòdù tó ń fi àkọsílẹ̀ hàn

```php
<?php
$db = new PDO(
  'mysql:host=localhost;dbname=ile_ikawe;charset=utf8mb4',
  $oruko, $asiri);
$esi = $db->query(
  'SELECT akole, onkowe, odun FROM iwe ORDER BY odun');
?>
<table>
<tr><th>Àkọlé</th><th>Òǹkọ̀wé</th><th>Ọdún</th></tr>
<?php foreach ($esi as $ila): ?>
<tr>
  <td><?= htmlspecialchars($ila['akole']) ?></td>
  <td><?= htmlspecialchars($ila['onkowe']) ?></td>
  <td><?= $ila['odun'] ?></td>
</tr>
<?php endforeach; ?>
</table>
```

`PDO` ni irinṣẹ́ tí PHP fi ń bá oríṣiríṣi àkójọ dátà sọ̀rọ̀. Fáìlì mìíràn ni `$oruko` àti `$asiri` ti ń wá, fáìlì tí aṣàwákiri kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nínú àtẹ HTML, tó ní `<th>`, wà lókè `foreach`, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni orúkọ òpó ń jáde. Àyípo ni a ń pe `foreach`: ohun tó wà láàárín rẹ̀ àti `endforeach` ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé bá jẹ́ márùn-ún, `<tr>` márùn-ún ni yóò jáde lábẹ́ orúkọ òpó. Bí ilé ìkàwé bá ra ogún sí i lọ́la, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kóòdù.

Àwọn ìwé àtijọ́ kan ṣì ń kọ́ni ní iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `mysql_`. PHP 7.0 ti yọ gbogbo wọn kúrò ní 2015, kóòdù tó bá ń lò wọ́n kò sì lè ṣiṣẹ́ lórí sáfà òde òní.

6.5 Àkójọ dátà ni kó ṣàṣàyàn

Bí ẹnìkan bá fẹ́ ìwé Fágúnwà nìkan, a lè kó gbogbo ìwé wá sínú PHP, kí a wá fi `if` yọ àwọn tí kì í ṣe tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé PHP ti mọ́ wọn lára ju SQL lọ, èsì ojú ìwé sì rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá ra kóńgò gàrí kan kì í ní kí wọ́n kó gbogbo àpò inú ìsọ̀ jáde. Bí ìwé bá jẹ́ 50,000, 50,000 àkọsílẹ̀ ni MySQL yóò kà, tí wọn yóò gba orí ìsopọ̀ kọjá, tí PHP yóò sì yẹ̀ wò, kí márùn-ún tó jáde. `WHERE onkowe = ...` fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Bí a bá tún ṣe atọ́ka sórí òpó `onkowe` pẹ̀lú `CREATE INDEX`, MySQL kò ní ka gbogbo àtẹ mọ́. Yóò lọ tààrà síbi tí orúkọ náà wà. PHP kò lè rí àǹfààní atọ́ka yìí lẹ́yìn tí àkọsílẹ̀ bá ti kúrò nínú àkójọ dátà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni `ORDER BY` fún títò, àti `LIMIT 20 OFFSET 40` fún ojú ìwé kẹta nínú àtẹ tó ń fi ogún-ogún hàn. Ní ti `SELECT *`, àwọn tó ń lò ó sọ pé ó kúrú, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ilé ìkàwé bá fi òpó kún un fún nọ́ńbà fóònù ẹni tó fi ìwé tọrẹ, `SELECT *` yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó nọ́ńbà náà wá sínú gbogbo kóòdù tó bá wà. Kíkọ orúkọ òpó mẹ́ta jáde jẹ́ ìlérí pé mẹ́ta yẹn nìkan la fẹ́.

6.6 Ọ̀rọ̀ tí a kò kọ fúnra wa

Ká ní a fẹ́ kí òǹwòran fúnra rẹ̀ tẹ orúkọ òǹkọ̀wé. Bí a bá kàn lẹ ohun tó tẹ̀ mọ́ gbólóhùn SQL, ẹni tó bá tẹ `' OR '1'='1` yóò sọ ìbéèrè wa di èyí tó máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà gbogbo, gbogbo àtẹ á sì jáde. Èyí ni ìfikún SQL: ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ dátà di àṣẹ. Kò dìgbà tí ọ̀tá bá wọlé kí ó tó bà wá nínú jẹ́. Bí a bá fi ọ̀nà yẹn wá *Aiyé D'aiyé Òyìnbó*, àmì tó wà láàárín D àti aiyé yóò pa gbólóhùn SQL dé láìtọ́jọ́, àṣìṣe ni yóò sì jáde. Ìwé ọmọlúàbí kan ṣoṣo tó láti fi hàn pé kóòdù náà kò dára.

Ìdáhùn rẹ̀ ni ìbéèrè alálàfo: a kọ gbólóhùn SQL pẹ̀lú àmì `?` níbi tí ọ̀rọ̀ òǹwòran yóò wà, a sì fa ọ̀rọ̀ náà lé PDO lọ́wọ́ lọ́tọ̀.

```php
$esi = $db->prepare(
  'SELECT akole, onkowe, odun FROM iwe
   WHERE onkowe = ? ORDER BY odun');
$esi->execute([$_GET['onkowe'] ?? '']);
```

Ohunkóhun tó bá wọ inú àlàfo náà yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán; kò lè di àṣẹ mọ́.

Ewu kejì wà lójú ọ̀nà àjáde. Bí àkọlé kan bá ní `<script>` nínú, aṣàwákiri yóò kà á sí kóòdù, yóò sì ṣe é lórí ẹ̀rọ gbogbo ẹni tó bá ṣí ojú ìwé náà. Iṣẹ́ `htmlspecialchars` ni ìyípadà àmì: ó ń sọ `<` di `&lt;` àti `&` di `&amp;`, kí aṣàwákiri lè fi wọ́n hàn láìṣe ohun tí wọ́n wí. Wọ́n lè bi wá pé kí ni ìwúlò rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé nìkan ló ń tẹ àkọlé wọlé. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kóòdù tó ń fi àtẹ hàn kò lè mọ ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ gbà wọlé. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ lónìí, kí wọ́n kó o láti inú fáìlì ẹlòmíràn lọ́la. Òṣìṣẹ́ olóòótọ́ pàápàá lè kọ àkọlé tó ní `<` nínú, àtẹ á sì dàrú.

Àṣìṣe náà nílò àbójútó. Bí ìsopọ̀ bá kùnà, àlàyé tí PHP ń ṣe lè tú orúkọ fáìlì àti ti àkójọ dátà síta. Inú ìwé àkọsílẹ̀ àṣìṣe lórí sáfà ló yẹ kó lọ. Bí kò bá sì sí ìwé tó bá ìbéèrè mu, kí ojú ìwé sọ pé kò sí. Àtẹ òfìfo kì í jẹ́ kí òǹwòran mọ̀ bóyá ìwé ni kò sí tàbí ojú ìwé ló bàjẹ́.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìdí tí òǹwòran kò fi lè rí ìbéèrè SQL nínú orísun ojú ìwé.
2. Ṣẹ̀dá àtẹ `iwe`, kí o kó ìwé márùn-ún inú 6.1 sínú rẹ̀. Lo `CHAR_LENGTH` àti `LENGTH` lórí àkọlé kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ ohun tó fa ìyàtọ̀ tí o rí.
3. Yọ `charset=utf8mb4` kúrò, fi `charset=latin1` rọ́pò rẹ̀, kí o ṣí ojú ìwé náà. Kọ ohun tí o rí sílẹ̀, kí o sì ṣàlàyé rẹ̀.
4. Tún kóòdù 6.4 kọ kí ó lè fi ìwé mẹ́wàá-mẹ́wàá hàn, pẹ̀lú ìtọ́kasí sí ojú ìwé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e.
5. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ pé ìbéèrè alálàfo ti tó, kò sí ìdí fún `htmlspecialchars` mọ́. Fi àpẹẹrẹ kan tí o dán wò fúnra rẹ fi ibi tí àṣìṣe rẹ̀ wà hàn.
6. Ilé ìkàwé kan fẹ́ kí ẹni tí kò ní àmì ohùn lórí fóònù rẹ̀ rí ìwé, ó sì tún fẹ́ ní àtẹ atúmọ̀ èdè nínú àkójọ dátà kan náà. Yan ìlànà ìfiwéra fún àtẹ kọ̀ọ̀kan, kí o sì ṣàlàyé àṣàyàn rẹ. Kọ kóòdù rẹ, dán an wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ní àmì àti èyí tí kò ní, kí o tó fi ìdáhùn sílẹ̀.